Ìdí Tí Ẹyin Sísè Mìíràn Fi Ń Ṣòro Láti Bó

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ojú ọ̀nà tí ó ti Ìkòtún wá sí Ìdímù kọjá ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́ yóò ti rí àwọn tí ń kiri ẹyin sísè. Wọn a gbé ike lé orí, ẹyin a kún inú rẹ̀, ìgò ata díndín a sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí bọ́ọ̀sì bá dúró, wọn a sáré bá èrò lójú fèrèsé. Èrò a na owó, ẹlẹ́yin a mú ẹyin kan, a gbá a mọ́ etí ike, a fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, èèpo a sì ṣí kúrò lára rẹ̀ bí ẹni ṣí fìlà. A fi ọ̀bẹ la ẹyin náà, a bu ata sí i, ó di ẹnu oníbàárà. Gbogbo èyí kò gbọdọ̀ pẹ́, nítorí awakọ̀ kì í dúró de ẹni tí ń ra ẹyin.

Ìlú àwọn Àwórì ni Ìdímù, ní agbègbè Alímòṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tí ìjọba ka àwọn ènìyàn Nàìjíríà ní ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímòṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó ní èrò tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí èrò bá pọ̀ tó báyìí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n lè tètè dé ibi iṣẹ́, oúnjẹ tí a lè jẹ lórí ìdúró kò ní ṣàì rí ẹni rà á. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin ni ó ń fi òwò ẹyin sísè gbọ́ bùkátà ilé, tí wọ́n ń fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ gbogbo kọ́ ni èèpo ẹyin ń ṣí bí fìlà. Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹyin yóò kọ̀ jálẹ̀. Ẹlẹ́yin a tẹ èèpo, èèpo a fọ́ sí wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wẹ́wẹ́ náà a sì já funfun ẹyin mú bí ó ti ń kúrò. Nígbà tí yóò bá fi bó o tán, ara ẹyin ti di kòtò kòtò bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Oníbàárà a wo ẹyin, a wo ẹni tí ó tà á.

“Màmá, ẹyin yín ti bàjẹ́. Ẹ dá owó mi padà.”

“Ọmọ mi, kò bàjẹ́ o. Àná ni wọ́n gbé e dé láti oko.”

“Bí ó bá jẹ́ àná ni, kí ló dé tí ó fi ń já jákujàku báyìí?”

Kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀, bọ́ọ̀sì ti ṣí. Ẹyin kan ti ṣòfò, oníbàárà kan sì ti lọ tí ó ṣeé ṣe kí ó má padà wá mọ́. Ọgbọ̀n ẹyin ni ó wà nínú kéréètì kan, èrè orí rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí ẹyin márùn-ún tàbí mẹ́fà bá já báyìí nínú ọgbọ̀n, ó lè jẹ́ pé owó tí ẹlẹ́yin fi ra ọjà nìkan ni yóò padà sí ọwọ́ rẹ̀. Kò sì lè tọ́jú èyí tí kò tà di ọ̀túnla, nítorí ẹyin sísè kì í tọ́jọ́ tó ẹyin tútù, pàápàá nínú ooru Èkó.

Oríṣiríṣi ni ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa ẹyin tí ń já. Àwọn kan ní adìyẹ tí ó yé e ni ara rẹ̀ kò dá. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ẹni tí ó bó o ni kò mọ̀ ọ́n bó. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni àwọn tí ó gbà pé ẹyin náà ti pẹ́ nílẹ̀, pé ògbólógbòó ẹyin ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ òtítọ́ rárá. Ìyá tí ó ní àná ni ẹyin òun dé láti oko kò parọ́, ohun tí ó sọ yẹn gan-an ni ó sì fa ìjà. Ẹyin tí ó tuntun jù ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo jù.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ bí ẹyin ti rí nínú. Èèpo ẹyin kì í ṣe ògiri tí kò ní ihò. Ohun kan náà tí ó mú ìkarahun ìgbín le ni ó mú un le, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tín-ín-tín ni ó wà lára rẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Ihò wọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ adìyẹ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń sàba. Lábẹ́ èèpo ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì wà. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ èèpo, èkejì yí funfun ẹyin ká. Awọ méjèèjì so pọ̀ yíká gbogbo ara ẹyin, àfi ní ìdí rẹ̀ tí ó tóbi. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pínyà, tí àyè afẹ́fẹ́ kékeré kan sì wà láàrin wọn. Nígbà tí ẹyin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára adìyẹ, ó gbóná, nítorí ooru ara adìyẹ tó nǹkan bí ìwọ̀n 41 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Bí ó ti ń tutù ni ohun inú rẹ̀ ń sún kì, afẹ́fẹ́ a sì gba àwọn ihò wọ̀nyí wọlé láti dí àyè tí ó ṣí sílẹ̀. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn èyí ni omi inú ẹyin ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ gba ihò jáde, tí àyè afẹ́fẹ́ náà sì ń tóbi sí i.

Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a máa bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹyin láti ìdí rẹ̀. Níbi àyè afẹ́fẹ́ yìí ni ìka ti lè tètè wọ abẹ́ awọ. Awọ ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá wọ abẹ́ awọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó ẹyin tán, nítorí awọ ni yóò máa kó èèpo lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣa èèpo ní wẹ́wẹ́ tí awọ ń kù sẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò ní tètè parí.

Nísinsìnyí, kí ni ó mú kí awọ lẹ̀ mọ́ funfun ẹyin ní ọjọ́ kan, tí kò sì lẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn? Afẹ́fẹ́ ni. Bí a bá fọ́ ẹyin tí adìyẹ yé ní òwúrọ̀ òní, a ó rí i pé funfun rẹ̀ kò mọ́ gaara, ó ṣú díẹ̀ bí omi ìṣanwọ́. Afẹ́fẹ́ tí ènìyàn àti ẹranko ń mí síta, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, ni ó wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n ń fi sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ni ó mọ̀ pé bí a bá ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí a kò sì dé e padà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a sá lọ, ọtí náà a sì tẹ́ lẹ́nu. Bí ìgò tí ìdérí rẹ̀ kò le dáadáa ni ẹyin rí. Láti ọjọ́ tí adìyẹ ti yé e ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń gba ojú ihò èèpo sá jáde, funfun ẹyin a sì máa mọ́ gaara sí i bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́.

Afẹ́fẹ́ tí ó sá lọ yìí kò lọ lásán. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ti kan tó. pH ni wọ́n ń pè é. Omi lásán wà ní 7. Ohun tí ó bá kan, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, wà nísàlẹ̀ 7. Ohun tí ó bá sì dàbí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú a máa ga ju 7 lọ dáadáa. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì a máa fa omi tí ó bá wà nínú rẹ̀ sí ọ̀nà kíkan. Nítorí náà, funfun ẹyin tuntun kì í ga jù, láàrin 7.6 sí 8 tàbí díẹ̀ sí i ni ó máa ń wà. Bí afẹ́fẹ́ náà ti ń jáde, funfun a máa sún mọ́ ọ̀nà omi eérú, títí yóò fi tó 9 tàbí kí ó kọjá 9.

Funfun ẹyin kún fún purotéènì, èyí tí a lè fi wé ọ̀pọ̀lọpọ̀ òwú tín-ín-rín tí a ká jọ. Nígbà tí iná bá mú un, àwọn òwú wọ̀nyí a tú, wọn a sì tún so mọ́ ara wọn, ni omi ẹyin bá di líle. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ṣì pọ̀ nínú funfun, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò tíì ga, àwọn òwú a máa so mọ́ awọ ẹyin ju bí wọ́n ti so mọ́ ara wọn lọ. Ẹni tí ó bá wá fa awọ, funfun ni yóò tẹ̀ lé e. Bí afẹ́fẹ́ bá ti jáde tó, ara wọn ni wọ́n ń so mọ́, wọn a sì jọ̀wọ́ awọ sílẹ̀.

Ooru a máa mú kí afẹ́fẹ́ yìí yára jáde, òtútù a sì máa dá a dúró. Ẹyin tí ó wà lórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù ní Ìdímù fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè ti pọ́n tó láti bó, nígbà tí èyí tí obìnrin Yorùbá kan gbé sínú fíríìjì ní London lè ní láti lò tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu pé ìgbà tí ọjà bá tà jù ni ìyà lè jẹ ẹlẹ́yin jù. Púpọ̀ nínú ẹyin tí wọ́n ń jẹ ní Èkó ni ó ń ti oko adìyẹ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá. Nígbà tí ọjà bá tutù, ẹyin a sùn díẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà kí ó tó dé inú ìkòkò. Ní àkókò ọdún, tí gbogbo ènìyàn ń wá ẹyin, ó lè ti inú ọkọ̀ bọ́ sórí iná tààrà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe ìwádìí. Ní ọdún 1959 ni M. H. Swanson ti kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Poultry Science nípa ìṣòro tí ó wà nínú bíbó ẹyin tuntun, àti ẹyin tí a fi nǹkan ra èèpo rẹ̀. Àwọn tí ń ta ẹyin ní ilẹ̀ òkèèrè mìíràn a máa fi òróró ra èèpo kí ihò rẹ̀ lè dí, kí ẹyin má ba à tètè gbó. Ẹyin náà a tọ́jọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà jáde, nítorí náà ó lè pẹ́ títí kí ó sì tún lẹ̀ mọ́ èèpo bí èyí tí a yé lánàá.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ orí ẹyin nìkan ni, ọ̀rọ̀ ìbá parí síhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́yin méjì lè ra ẹyin láti inú kéréètì kan náà, kí ti ẹnìkíní bó dáadáa kí ti èkejì sì já. Bí wọ́n ti sè é ni ó yàtọ̀. Ẹnìkíní jẹ́ kí omi hó kí ó tó fi ẹyin sínú rẹ̀. Ẹnìkejì to ẹyin sínú omi tútù, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ kaná pọ̀. Àwọn tí ń dín àkàrà mọ ohun tí ó fa èyí. Àkàrà tí a dà sínú epo tí kò tíì gbóná a máa rì, a sì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ agbada. Èyí tí a dà sínú epo tí ó gbóná dáadáa, ojú rẹ̀ a dì lẹ́sẹ̀ kan náà, a sì máa yí bí a bá ti fẹ́. Ọ̀kan nínú purotéènì inú funfun ẹyin ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bí ìwọ̀n 62 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í dì títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 80. Bí omi bá ń gbóná díẹ̀díẹ̀, funfun a ní àyè láti wọnú awọ kí ó tó dì. Bí ó bá bọ́ sínú omi híhó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó kan awọ a dì kíákíá, a sún kì kúrò lára awọ, kò sì ní àyè láti lẹ̀.

J. Kenji López-Alt, ọ̀gbẹ́ni kan ní Amẹ́ríkà tí ó ń fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wádìí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ti se ẹyin púpọ̀ láti mọ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ohun méjèèjì. Ohun tí ó rí ni pé bí omi ti gbóná tó nígbà tí ẹyin wọ inú rẹ̀ ni ó lágbára ju ọjọ́ orí ẹyin lọ. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí jẹ́ fún ẹlẹ́yin Ìdímù. Kò ní agbára lórí ọjọ́ tí alágbàtà yóò gbé ẹyin dé, ṣùgbọ́n ó ní agbára lórí ìkòkò rẹ̀.

Omi híhó ní ewu tirẹ̀, nítorí ẹyin tí a sọ sínú rẹ̀ lójijì lè sán. Ìgbakọ ni kí a fi rọra sọ ọ́ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a má sì kó o púpọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí omi má ba à tutù. Lẹ́yìn náà kí a dín iná kù díẹ̀, kí omi máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 11 tàbí 12. Ẹyin tí a fẹ́ gbé kiri nínú òòrùn gbọdọ̀ jinná dé inú.

Bí a bá ti gbé e kalẹ̀, omi tútù ni ó kàn. Ní Ìdímù, omi inú ọ̀rá méjì tàbí mẹ́ta tí ó ti di yìnyín tó láti mú omi inú ọpọ́n tutù. Funfun ẹyin a tún sún kì díẹ̀ sí i nínú rẹ̀. Omi tútù yìí ní èrè kejì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹyin tí ó bá pẹ́ jù lórí iná, tàbí tí a fi sílẹ̀ nínú omi gbígbóná, a máa ní òrùka dúdú tí ó dàbí àwọ̀ ewé yí pupa inú rẹ̀ ká. Imí ọjọ́ tí ó wà nínú funfun àti irin tí ó wà nínú pupa ni wọ́n pàdé tí wọ́n di òrùka yìí. Kò ní májèlé kankan, ṣùgbọ́n oníbàárà tí ó bá rí i yóò tún pariwo pé ẹyin ti bàjẹ́.

Àwọn kan ń fi iyọ̀ sínú omi ẹyin, àwọn kan ń fi fínígà. Bí ẹyin bá sán, ohun méjèèjì lè mú kí funfun tí ń jáde tètè dì, kí ó má ba gbogbo ìkòkò jẹ́. Nípa ti bíbó, iṣẹ́ wọn kò tó ìyìn tí wọ́n ń gbà.

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ẹyin tí ó ti dàgbà díẹ̀ ni ó rọrùn láti bó kò gbọdọ̀ torí èyí lọ máa ra ẹyin tí ó ti gbó kọjá àlà. Ọpọ́n omi lásán lè fi ìyàtọ̀ hàn. Ẹyin tuntun a dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, nítorí àyè afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣì kéré. Èyí tí ó ti lo ọjọ́ díẹ̀ a fi orí tẹ́ẹ́rẹ́ nalẹ̀, a sì gbé ìdí rẹ̀ sókè nínú omi. Irú èyí ni ó dára jù fún sísè. Èyí tí ó bá léfòó, afẹ́fẹ́ ti gba inú rẹ̀, kò sì yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Síbẹ̀ náà, nínú gbogbo kéréètì, a kì í ṣàì rí ọ̀kan tàbí méjì tí yóò já bí ó ti wù kí a ṣọ́ ọ tó, nítorí adìyẹ kan kò yé gbogbo wọn, ọjọ́ kan náà kọ́ ni a sì yé wọn. Irú ẹyin bẹ́ẹ̀ kò pàdánù adùn. Ẹni tí ń se mọ́ínmọ́ín lè gé e sí wẹ́wẹ́ sínú ewé, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ara rẹ̀ já. Àwọn tí ń ṣe ẹyin oníyẹ̀fun, tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun pípò bo odindi ẹyin kí wọ́n tó dín in, tilẹ̀ lè rà á ní ẹ̀dínwó lọ́wọ́ ẹlẹ́yin, nítorí ìyẹ̀fun ni yóò bo gbogbo àpá rẹ̀.